Ẹni Tí Bàbá Mi Ń Bá Sọ̀rọ̀

Òórùn símẹ́ńtì tútù ni mo fi mọ bàbá mi. Láàárọ̀, kí n tó la ojú, òórùn yẹn á ti gba gbogbo yàrá wa ní Asawase, torí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni bàbá mi máa ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí, ìyá mi kò sì rí i fọ̀ mọ́ rí. Bíríkìlà ni. Bàbá tirẹ̀ ló kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò ní Kumasi, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ràn ọjà títà, ilé kíkọ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò bíi tiwa máa lọ sílé, ó bá wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò lò tó ọdún mẹ́ta níbẹ̀ tó fi padà. Ó ní ilẹ̀ tí òun mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí ni òun ń wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí àárò ń sọ lásán ni.

Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí kékeré, mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fún bí ọdún méje, bí ẹ bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ nídìí iṣẹ́ jọ, kò ní kún ojú ìwé kan. “Gbé e wá.” “Ó ti pọ̀ jù.” “Fi omi sí i.” Bí ògiri tí mo mọ bá dára, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ látayébáyé. Bí kò bá dára, á fi ẹsẹ̀ tì í wó, á sì nawọ́ sí búlọ́ọ̀kù kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọmọbìnrin kan wọ inú iṣẹ́ wa ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ọmọ ilé kejì sí tiwa ni. Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, èmi gan-an ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé kéú nígbà tó wà ní kékeré. Ó mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, ó wọ yunifásítì tó wà ní Kumasi níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọ̀nà àti afárá. Láàrin àwa Yorùbá tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní Alata, kò sí ọkùnrin kankan tó tíì kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ká má tíì sọ ti obìnrin. Àwọn kan ní mọ́sálásí wa sọ pé kí bàbá rẹ̀ rò ó dáadáa. Bàbá rẹ̀ ní òun ti rò ó.

Nígbà ìsinmi ìparí ọdún àkọ́kọ́, ó wá sí ilé wa, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn nípa kọnkéré fún odindi ọdún kan, ṣùgbọ́n òun kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ó bẹ bàbá mi kó jẹ́ kí òun wá bá wọn ṣiṣẹ́ títí ìwé á fi wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá ó lè gbé búlọ́ọ̀kù. Ọmọbìnrin náà ní òun á gbìyànjú.

Ilé kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni à ń kọ́ ní Dichemso nígbà náà. Nítorí pé èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún àwọn lébìrà, mo mọ iṣẹ́ tí mo fún un. Mo ní kó máa ru yanrìn tútù láti etí títì wá sí ẹ̀yìn ilé. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e, ó ń rù ú lọ. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, á ti sá padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan gbé yanrìn wá, bàbá mi bu díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí awakọ̀ máa gbé e lọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń rí i kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà sọ páànù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Bàbá, kí lẹ rí lọ́wọ́ yín tí ẹ fi ní kí wọ́n gbé e padà?”

Bàbá mi sọ irin ìrẹ́lé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó fi àbàwọ́n pupa tó wà níbẹ̀ hàn án. Ó ní ẹrẹ̀ ni, pé bí ẹrẹ̀ bá wà nínú yanrìn, símẹ́ńtì á di ẹrẹ̀ mú, á fi òkúta sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí omi, láti orí omi ó bọ́ sórí ilẹ̀ Kumasi: ibi tó jẹ́ ilẹ̀ pupa líle, ibi tó jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi pàǹtírí dí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ títí ladani fi pe ìrun ọ̀sán. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú páànù kọnkéré lórí, mò ń dúró kí ó sọ ibi tí n máa dà á sí. Ọrùn ń ro mí. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí mi ni kọnkéré náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ọdọọdún ló ń padà wá nígbà ìsinmi, ohun kan náà ni. Á béèrè, bàbá mi á dáhùn. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá mi sínú rẹ̀, ó máa ń fi pẹ́ńsù há etí. Bàbá mi, tí kò mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, á dúró kó kọ ọ́ tán kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá lọ, bàbá mi á padà sí “gbé e wá” àti “fi omi sí i.” Lọ́dún kan, èmi náà lọ ra pẹ́ńsù, mo fi há etí. Mo fi há etí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níjọ́ kan bàbá mi wò mí, ó béèrè ohun tí mò ń kọ. Mo yọ ọ́, mo jù ú sínú ìpìlẹ̀ tí à ń dí.

Mo jowú ọmọbìnrin náà. Nígbà náà mi ò pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ń fi àkókò wa ṣòfò, pé kò yẹ kí obìnrin máa wọ ṣòkòtò láàrin àwọn ọkùnrin. Ìyá mi, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ níwájú ilé, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí èmi náà máa jókòó ti bàbá mi. Mo ní ṣé n kì í jókòó tì í ni? Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gboyè tán, ó di ẹnjiníà, ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀nà àti gọ́tà nílùú sì gbà á síṣẹ́. Òun nìkan ni obìnrin láàrin àwọn ẹnjiníà ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́tà ni ọ̀gá ibẹ̀ ń fún un pín kiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Odò kan ń ṣàn láàrin Aboabo àti Dichemso. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Bí òjò bá rọ̀, a máa kún débi tí á máa gbé ìdọ̀tí gbogbo ìlú, á sì máa pariwo. Àwọn ọmọ tiwa ń gba inú rẹ̀ lọ sílé ìwé, bàtà á wà lọ́wọ́. Lọ́dún kan ó gbé ọmọ télọ̀ kan lọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń bẹ ìjọba fún afárá. Iṣẹ́ kékeré tó ń rùn ni, kò sí orúkọ nínú rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀gá náà ṣe ní kí obìnrin yẹn lọ fi í kọ́ ọwọ́.

Ó gbé ìwé àwòrán náà wá sílé wa, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Bàbá mi fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Ọmọbìnrin náà ń kà á fún un, ó ń fi ìka tọ́ka sí i. Nígbà tó dé ibi tí ẹsẹ̀ afárá náà máa wà ní apá Aboabo, bàbá mi ní rárá. Ó ní ihò ni ibẹ̀ nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ibẹ̀ ni àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀, pàǹtírí ni wọ́n fi dí i. Ọjọ́ kejì ọmọbìnrin náà kó àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá. Wọ́n gbẹ́ ẹ jìn ju ènìyàn lọ, àkísà, ìgò àti egungun màlúù ni wọ́n ń hú. Ó sún ẹsẹ̀ afárá náà kúrò níbẹ̀, ó tún gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ bínú pé bíríkìlà Alata tí kò kàwé ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá náà ló ń kọ́ òun. Ó sì gbé iṣẹ́ náà fún bàbá mi.

Ọjọ́ tí a da kọnkéré orí afárá náà, ọyẹ́ mú, afẹ́fẹ́ gbẹ. Láti ìdájí la ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tò láti ibi tí a ti ń pò ó dé orí afárá, páànù ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa kú iṣẹ́ ní Twi, “Ayekoo,” àwa náà ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn àgbà mọ́sálásí wa wá wò wá, wọ́n mú àlejò kan dání, bàbá arúgbó kan tó ti Ọ̀yọ́ wá kí àwọn ará rẹ̀. Àlejò náà béèrè ẹni tí ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò yẹn jẹ́.

Bàbá mi nà ró. Ó ní, “Ọmọ mi nìyẹn. Òun ló ya afárá yìí, òun ló mọ gbogbo irin tó wà nínú rẹ̀.”

Àlejò náà súre fún un títí. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára mi. Mo dúró nínú kọnkéré tó bo ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo fi símẹ́ńtì kun ara títí dé ìpéǹpéjú. Ó ní, “Èyí ńkọ́?”

“Èyí ń ràn wá lọ́wọ́,” ni bàbá mi wí.

Bóyá iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ ló rò pé bàbá náà ń béèrè. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ mí lọ́mọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tún ọ̀rọ̀ yẹn wò kí n tó lè rò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo gbọ́ ni mo gbọ́.

Kọnkéré tuntun ò gbọdọ̀ tètè gbẹ. Ènìyàn á fi àpò bò ó, á máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó lè le láti inú wá. Èmi ni ẹnjiníà náà fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òun ń lọ sí Accra fún ọjọ́ díẹ̀, bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti ọjọ́ kejì, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kìíní mo bomi rin ín. Lọ́jọ́ kejì mo gbé korobá, mo dé etí odò, mo gbọ́ “èyí ń ràn wá lọ́wọ́” létí mi. Mo gbé korobá náà kalẹ̀, mo gba Aboabo lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lábẹ́ igi lọ́dọ̀ Hausa tó ń ta tíì, mò ń ta dámẹ̀, ayò orí pátákó. Oòrùn ń pa afárá náà lẹ́yìn mi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá obìnrin ló ṣírò rẹ̀ lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní irin tó fi sínú rẹ̀ kò tó, pé mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo ní bó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi gba orí rẹ̀. Mi ò bí ọmọ kankan nígbà náà. Ara ń ta mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ láti Accra, mo sáré padà, mo da omi sí i bí ẹni tí ń paná.

Nígbà tí a yọ pákó tó gbé e dúró, afárá náà dúró gbọnyingbọnyin. Kò sí ẹni tó gba orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí tíì ti wọ gbogbo ilé. Àwọn ìyá ń di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú gba inú omi kọjá lábẹ́ afárá tuntun. Ọ̀gá ọ́fíìsì wá wò ó, ó dúró létí odò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń lò ó, òun á kọ̀wé pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì wá iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tó ṣe é.

Àwọn àgbà pe ìpàdé níwájú mọ́sálásí lọ́jọ́bọ̀. Ẹnjiníà náà sọ pé ní Sátidé, lọ́rì tó kún fún yanrìn á gba orí afárá náà níṣojú gbogbo ènìyàn. Àwọn ènìyàn kùn. Hausa tó ń ta tíì dìde, ó ní, “Wallahi, lọ́rì lè kọjá lónìí kó wó lọ́la. Bó bá dá yín lójú, kí ẹnì kan dúró sábẹ́ rẹ̀.”

Bàbá mi, tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ló da kọnkéré náà, òun máa gbé àga lọ jókòó síbẹ̀.

Látọjọ́ tí mo ti ń pa irọ́ yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè jẹ́ òótọ́, àti pé ọwọ́ èmi fúnra mi ló lè sọ ọ́ di òótọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo wá ẹnjiníà náà lọ síbi afárá. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń wo etí rẹ̀. Mo sọ fún un. Mo kọ́kọ́ sọ ti omi, nígbà tí mo rí i pé kò pariwo, mo sọ ti irọ́ náà pẹ̀lú. Mo rò pé á sunkún, tàbí kó bú mi. Ó yọ pẹ́ńsù létí rẹ̀.

“Ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, ẹ̀gbọ́n?”

“Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin.”

“Ṣé ẹ ká àpò kúrò lórí rẹ̀?”

“Mi ò ká a. Ó gbẹ síbẹ̀ ni.”

Ó mú òòlù, ó gun orí rẹ̀, ó ń kàn án, ó ń dẹtí, láti igun kan dé èkejì. Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná tọ ipa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó là lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ tí omi gbẹ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń kọ nọ́ńbà. Mo dúró. Oòrùn ti yí kó tó gbé orí sókè.

“Ojú rẹ̀ ló gbà á, kò dénú. A máa fi símẹ́ńtì olómi dí i. Ẹni tó bá ń ya afárá kì í ya á bí ẹni pé gbogbo ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní bomi rin ín.”

Ìbá sàn kó gbá mi létí. Ó ti ṣírò mi mọ́ ọn kó tó mọ̀ pé èmi ni.

Mo béèrè bóyá á sọ fún bàbá mi. Ó ní kí ni bàbá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó ní ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó sábẹ́ rẹ̀, òun ló máa dúró níbẹ̀. Ó palẹ̀ òòlù rẹ̀ mọ́, ó ń lọ. Nígbà tó rìn díẹ̀, ó yíjú padà, ó ní, “Bí ara yín ò bá yá lọ́la, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gba ènìyàn méjì.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ènìyàn kún etí odò láti apá méjèèjì. Bàbá mi ti gbé àga dé. Mo lọ bá a, mo di àga náà mú. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni n máa dúró níbẹ̀ dípò yín.” Ó fi àga náà sílẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn mi, “Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i.”

Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti dáyé nìyẹn. Ọjọ́ tí kò tọ́ sí mi rárá ni wọ́n fún mi, ẹnì kan ṣoṣo tó sì mọ̀ pé kò tọ́ sí mi ń dúró dè mí nínú omi nísàlẹ̀.

A dúró síbẹ̀, omi mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo wo ọmọbìnrin náà, ètè rẹ̀ gbẹ.

Mo ní, “Ṣé ìṣirò rẹ kò dá ọ lójú ni?”

“Ìṣirò mi dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yín ni kò dá mi lójú.”

Táyà dé orí wa. Gbogbo afárá náà kùn, mo gbọ́ ọ nínú eyín mi. Yanrìn díẹ̀ jábọ́ sínú omi láàrin wa. Lọ́rì náà dúró ní àárín gbùngbùn bí ọmọbìnrin náà ṣe pàṣẹ fún awakọ̀, ó dúró níbẹ̀ títí mo fi ka gbogbo súrà tí mo mọ̀ tán, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjá lọ. Nígbà tí a jáde, ìyàwó télọ̀ ló kọ́kọ́ gun orí afárá náà, ìyá ọmọ tí omi gbé. Ó rìn ín já láì yọ bàtà, ó sì jókòó sí òdìkejì, ó ń sunkún. Àwọn tó kù wá tẹ̀lé e.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnjiníà náà sọ mí di fóòmàn rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ máa ṣọ́ mi ni. Ó ṣe gọ́tà, ó ṣe ilé ìwòsàn kékeré, ó ṣe ìsọ̀ ọjà, ó ṣe ọ̀nà tí ẹ̀gbin kì í dúró sí mọ́. Lọ́dọọdún, bí ìwé bá parí, àwọn ọmọbìnrin yunifásítì máa ń wá bá wa ru yanrìn, ọmọ Àṣáńtì, ọmọ Hausa, ọmọ tiwa, ọwọ́ wọn á bó, wọ́n á fi àkísà wé e. Lára wọn ló ń ṣe afárá káàkiri báyìí. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ omi yẹn mọ́ láéláé. Ìyẹn tún bí mi nínú. Bó bá jẹ́ pé ó fi yọ mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, a ì bá ti san án fún ara wa tán. Bàbá mi ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi á sì máa fọ irinṣẹ́ nítòsí, màá máa dẹtí.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n gbé ẹnjiníà náà lọ sí òkè lọ́hùn-ún, ní Tamale, kó lọ máa rí sí omi fún àwọn abúlé. Gbogbo àdúgbò sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀, mo kí i dáadáa, inú mi sì dùn pé ó ń lọ. Mo rò pé bàbá mi á wá kù fún mi.

Bàbá mi dákẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́, á kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ kan dé ní Dichemso, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ògiri tí mo mọ ń là láti ìsàlẹ̀, mo ti wó o lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo jókòó sórí ẹní, mi ò tilẹ̀ rò ó tẹ́lẹ̀, mo ní, “Bàbá, irú ilẹ̀ wo ló wà lẹ́yìn ilé epo ìjọsí?”

Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú omi kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sọ bí ó ṣe ń ya, ó sọ ibi tí mo ti lè gbẹ́ ẹ kí n tó kan ilẹ̀ tó le. Ó sọ ti ilé tí òun kọ́ nítòsí ibẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, àti bí òun náà ṣe wó o lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, a kí i, ó tún ń bá a lọ. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, ó tutù síwájú wa.

Nígbà tó parí, mo béèrè ìdí tí kò fi bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Ìwọ kò béèrè nǹkan kan rí. Mo rò pé o ti mọ̀ ọ́n.”

Ọdún mẹ́rin ló tún lò lẹ́yìn ìgbà náà, a sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan. Mi ò sọ ti korobá tí mo gbé kalẹ̀ létí odò fún un. Ó máa ń sọ fún àlejò pé ọmọ òun dúró sábẹ́ lọ́rì, èmi á sì máa wo ilẹ̀, wọ́n á ní mo nírẹ̀lẹ̀. Nígbà tó kú, ẹnjiníà náà ti Tamale wọkọ̀ wá. Ó dúró láàrin àwọn obìnrin. Mo rí i pé ẹkún rẹ̀ ju tèmi lọ, mo sì jowú ìyẹn pẹ̀lú.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà tí a da afárá yẹn lọ dáadáa. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀. Ìròyìn ikú ẹnjiníà náà dé bá mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀ ló pè mí. Ó ní ìyá òun sọ pé bí nǹkan kan bá ṣe òun, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Mo sọ ohun tí Mùsùlùmí ń sọ nígbà ikú, mo fi fóònù sílẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ ló kọ́kọ́ dé, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó tún ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.